Fódà fíìmù ń hàn nínú VM, ṣùgbọ́n òfo ló wà nínú rẹ̀ (Proxmox, ZFS, NFS, Jellyfin)

ilé_sinimá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí.

Proxmox VE 8 (ètò tó ń gbé VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, ró) ló wà lórí host (kọ̀ǹpútà gidi náà), àdírẹ́sì rẹ̀ ni 192.168.1.10. Díìsìkì 4 wà lábẹ́ ZFS (ètò tó ń tọ́jú fáìlì lórí díìsìkì), orúkọ pool náà, àpapọ̀ àwọn díìsìkì yẹn, ni tank. VM kan tó ń lo Debian 12 (192.168.1.20) ni Docker (tó ń fi ètò kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀, container) àti Jellyfin (tó ń fi fíìmù hàn) wà nínú rẹ̀. NFS (ọ̀nà pípín fódà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni mo fi pín /tank/media fún VM. Ìlà tó wà nínú /etc/exports lórí host nìyí:

```
/tank/media 192.168.1.20(rw,sync,no_subtree_check)
```

Ti fstab (fáìlì tó ń sọ ohun tí a ó so nígbà títàn) nínú VM:

```
192.168.1.10:/tank/media /mnt/media nfs defaults 0 0
```

Wàhálà ibẹ̀: `ls /mnt/media` nínú VM ń gbé ere, fiimu àti orin wá. Orin pé pérépéré. Fiimu àti ere ṣófo, kò sí ẹyọ fáìlì kan níbẹ̀, kò sì sí ìkìlọ̀ àṣìṣe kankan. Bẹ́ẹ̀ lórí host, fiimu nìkan ju 2 TB lọ.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, tí VM bá kú tó tún tàn, gbogbo /media inú Jellyfin á ṣófo, orin pàápàá á pòórá.

Díìsìkì VM, 32 GB, ti kún dé 100%. Ṣùgbọ́n `du -shx /` ń sọ pé 9 GB péré ló wà lórí rẹ̀.

chmod -R 777 ti kọjá lórí gbogbo /tank/media, kò yí nǹkan kan padà.

---

okùn_wáyà:

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kó pọ̀ yìí. Bí a bá ń wò wọ́n pa pọ̀, a ó kàn máa yí po lójú kan ni. Ká kọ́kọ́ mú èyí tí kì í yẹ̀: fódà tó ń hàn, tó ṣófo, tí kò sì kìlọ̀. Ká ní ọ̀rọ̀ àṣẹ ni, ìyẹn ẹni tó lè ka fáìlì tàbí kọ ọ́, "Permission denied" ni ẹ bá rí. Ẹ ti ṣí i sílẹ̀ fún tajá-tẹran, ó ṣì ṣófo. Kì í ṣe àṣẹ nìyẹn.

Ẹ ṣe méjì yìí lórí host, kì í ṣe nínú VM o, kẹ́ ẹ sì lẹ ohun tó bá jáde síbí:

```
zfs list -r -o name,used,mountpoint tank/media
findmnt -R /tank/media
```

---

ilé_sinimá:

```
NAME               USED  MOUNTPOINT
tank/media        2.61T  /tank/media
tank/media/ere     410G  /tank/media/ere
tank/media/fiimu  2.12T  /tank/media/fiimu
```

`findmnt` fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn. Orin kò sí lára wọn, fódà lásán ni.

---

okùn_wáyà:

Ó ti jáde nìyẹn. Lójú ẹni tó ń wo host, /tank/media/fiimu dà bí fódà kan nínú fódà mìíràn. Lójú kernel (ọkàn Linux), filesystem (ètò fáìlì) tó dá dúró ni, tí ZFS so mọ́ orí fódà òfo kan tó wà nínú tank/media. NFS kì í ré ààlà filesystem kọjá àfi tí wọ́n bá ní kó ré e. tank/media nìkan lẹ pín, nítorí náà fódà òfo tó wà nísàlẹ̀ ni VM ń rí, kì í ṣe ohun tí ZFS so lé e lórí. Orin pé nítorí pé inú tank/media gan-an ló wà.

Àtúnṣe tó yá jù ni crossmnt, tó ń ní kí NFS ré ààlà yẹn kọjá:

```
/tank/media 192.168.1.20(rw,sync,no_subtree_check,crossmnt)
```

Ẹ pa àṣẹ `exportfs -ra`, kẹ́ ẹ sì fi `exportfs -v` wò ó bóyá crossmnt ti wọlé lóòótọ́. Nínú VM, ẹ tú u pátápátá kẹ́ ẹ tó tún un so:

```
umount /mnt/media
mount -t nfs4 -o vers=4.2 192.168.1.10:/tank/media /mnt/media
```

Ẹ má fi `mount -o remount` rọ́pò rẹ̀. Ohun tí VM ti mọ̀ nípa fódà náà tẹ́lẹ̀ lè wà níbẹ̀ síbẹ̀, kó wá di pé "Stale file handle" ń jáde káàkiri. Bí umount bá ní "target is busy", container kan ló di í mú. `fuser -vm /mnt/media` á fi ẹni náà hàn.

Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ kọ ìlà kan fún dataset kọ̀ọ̀kan (filesystem ZFS bíi fiimu àti ere) nínú exports, kẹ́ ẹ sì so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú fstab. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló dáa bí ẹ bá fẹ́ kí VM kan lè ka fiimu láìlè kọ nǹkan sí i, kí òmíràn sì lè kọ sí ere.

---

àgbà_pool:

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sí i. ZFS ní property tirẹ̀ tó ń jẹ́ sharenfs. Bí ẹ bá ṣètò rẹ̀ sórí tank/media, àwọn dataset abẹ́ rẹ̀ á jogún rẹ̀, a ó sì pín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wá ń lo sharenfs àti /etc/exports pọ̀ lórí fódà kan náà ń fa ìdààmú fún ara rẹ̀, torí kò ní mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó:

```
zfs get -r sharenfs tank/media
```

Tó bá jẹ́ "off" ló wà níbẹ̀ yíká, kò séwu, ẹ tẹ̀ lé /etc/exports nìkan. Èmi ò fẹ́ràn sharenfs fún ilé, torí pé ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe lọ́la á kọ́kọ́ lọ ṣí /etc/exports, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ fi mp kún ìlà yẹn pẹ̀lú:

```
/tank/media 192.168.1.20(rw,sync,no_subtree_check,crossmnt,mp)
```

Ohun tí mp ń sọ ni pé bí a kò bá tíì so nǹkan kan mọ́ /tank/media, kí NFS má pín in. Bí pool bá kọ̀ láti wọlé nígbà tí host ń tàn, /tank/media á wà níbẹ̀ bíi fódà òfo lórí díìsìkì Proxmox fúnra rẹ̀. Láìsí mp, òfo yẹn ni VM á gbà, tí á sì máa kọ nǹkan sínú rẹ̀ títí díìsìkì host á fi kún.

---

ilé_sinimá:

crossmnt ti ṣe é. Fiimu àti ere ti kún nínú VM. Ẹ ṣeun gan-an.

Ṣùgbọ́n àwọn fáìlì tuntun tí container mìíràn kó sínú fiimu lẹ́yìn chmod yẹn ń fún Jellyfin ní "Permission denied". Bẹ́ẹ̀, root (ẹni tó lè ṣe ohun gbogbo) ni Jellyfin ń jẹ́ nínú container tirẹ̀. `ls -ln` nínú VM:

```
-rw-r----- 1 1001 1001 4831838208  abala-kinni.mkv
```

---

nọ́ńbà_ni:

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ àṣẹ ti wọlé. chmod 777 tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, ká fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá ni: àwọn fáìlì tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà nìkan ló fọwọ́ bà. Fáìlì tó bá dé lẹ́yìn náà á gba àṣẹ tí umask (ohun tó ń yọ àṣẹ kúrò lára fáìlì tuntun) ẹni tó kọ ọ́ bá fún un, 640 ni tiyín yìí.

Ẹ wá wò ó: NFS tí kò lo Kerberos kì í fi orúkọ ránṣẹ́, nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń jẹ́ 1001 nínú VM ni host á pè ní 1001, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn pátápátá ló ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn lórí host. Ní ti root, nọ́ńbà 0, host kò gbà á gbọ́. root_squash ló wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ kọ ọ́, òun ló ń sọ 0 di 65534, ìyẹn nobody. Nobody kì í ṣe 1001, kò sì sí nínú ẹgbẹ́ 1001, ẹlòmíràn kò sì ní àṣẹ kankan lórí 640. Ìyẹn ni root kò fi lè ka fáìlì.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kọ no_root_squash. Ó máa ṣiṣẹ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé container èyíkéyìí tó bá ń jẹ́ root nínú VM yẹn lè pa gbogbo ilé fíìmù yín rẹ́. Ẹ má ṣe é nítorí Jellyfin, tó jẹ́ pé kíkà nìkan ló ń kà.

Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, nọ́ńbà kan náà níbi gbogbo, ló ń yanjú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, ẹ ṣe é lórí host, kẹ́ ẹ tún un ṣe nínú VM:

```
groupadd -g 1500 media
```

Ìyókù, orí host nìkan:

```
chgrp -R media /tank/media
find /tank/media -type d -exec chmod 2775 {} +
find /tank/media -type f -exec chmod 664 {} +
```

2 tó ṣíwájú nínú 2775 ló ń mú kí fáìlì tuntun jogún ẹgbẹ́ fódà tó bọ́ sí, dípò ẹgbẹ́ ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò kan umask. Container tó ń kó fáìlì wọlé gbọ́dọ̀ ní umask 002. Púpọ̀ nínú àwọn image ní ibi tí a ti ń yan UMASK láàárín àwọn environment wọn. Bí ó bá wà ní 022, ẹgbẹ́ á lè kà, kò ní lè tún orúkọ inú fódà tuntun kọ, kò sì ní lè pa á rẹ́.

Fún Jellyfin, nínú compose (fáìlì ètò Docker):

```
services:
  jellyfin:
    user: "1000:1000"
    group_add:
      - "1500"
```

Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, ẹ má kọ "media". /etc/group tí inú container kò mọ orúkọ yẹn rí. Kẹ́ ẹ sì chown fódà config àti cache Jellyfin fún 1000 kẹ́ ẹ tó tan án, torí pé root ló ti ń kọ síbẹ̀ látẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà:

```
docker exec jellyfin id
docker exec jellyfin ls -ln /media/fiimu
```

Tí 1500 kò bá hàn nínú èsì `id`, compose kò tíì gbà á. `docker restart` kò tó, `docker compose up -d` ni.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ ṣe `namei -l` lórí ọ̀nà fáìlì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń to àṣẹ fódà kọ̀ọ̀kan tẹ̀ léra. Fódà kan ṣoṣo tí kò ní x lójú ọ̀nà ti tó láti dínà gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, bí fáìlì fúnra rẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ 777.

---

ìbàdí_àrán:

@nọ́ńbà_ni ẹ̀gbọ́n, inú LXC (container ti Proxmox fúnra rẹ̀) tí kò ní àṣẹ root ni Jellyfin tèmi wà, kì í ṣe VM. Gbogbo fáìlì ń fi nobody:nogroup hàn. Ṣé ohun kan náà ni?

---

nọ́ńbà_ni:

Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti wá yàtọ̀. LXC irú èyí ń fi 100000 kún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. 1000 inú container ni 101000 lórí host. Fáìlì tí 1000 ní lórí host kò ní ẹni tó dúró fún un nínú container, ni wọ́n bá pè é ní nobody. Bí kíkà nìkan lẹ fẹ́, 664 àti 2775 ti tó, torí pé ẹnikẹ́ni lè kà. Bí ẹ bá fẹ́ kó kọ, ẹ fún ẹgbẹ́ 101500 ní fódà náà lórí host, kẹ́ ẹ sì dá ẹgbẹ́ 1500 sílẹ̀ nínú container.

---

okùn_wáyà:

Ká padà sórí díìsìkì tó kún àti /media tó ń ṣófo lẹ́yìn títàn. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì.

Bí `df` bá ní 32 GB ti tán tí `du -x` ń ka 9 GB, ohun méjì ló sábà máa ń jẹ́. Ó lè jẹ́ fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ ṣùgbọ́n tí ètò kan ṣì ṣí i sọ́wọ́, `lsof +L1` á gbé e jáde. Tàbí fáìlì tó wà lábẹ́ ibi tí a so nǹkan mọ́. Tiyín, mo fura sí ìkejì. Bí VM bá tàn tí Docker sì jí ṣáájú NFS, /mnt/media ṣì jẹ́ fódà lásán lórí díìsìkì VM. Container tó ń kó fáìlì wọlé kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀, á máa kọ ọ́ síbẹ̀. Nígbà tí NFS bá dé, á bo ohun tó wà nísàlẹ̀, `du` kò ní rí i mọ́, ààyè tó gbà kò sì ní dín.

Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ láìtú NFS:

```
mkdir /tmp/isale
mount --bind / /tmp/isale
du -sh /tmp/isale/mnt/media
```

`--bind` kì í gbé ohun tí a so mọ́ abẹ́ / lọ́wọ́, díìsìkì VM nìkan ló ń fi hàn. Bí 20 GB àti jù bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ààyè yín lọ. Ẹ dá Docker dúró, kẹ́ ẹ kó o lọ síbi tó yẹ:

```
rsync -a --no-o --no-g --remove-source-files /tmp/isale/mnt/media/ /mnt/media/
umount /tmp/isale
```

Ẹ ṣe é gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè kọ sí NFS, kì í ṣe root, nítorí root_squash. Kẹ́ ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe `rm -rf /tmp/isale`. Ohun tó wà níbẹ̀ ni gbogbo / VM yín. `umount` ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà `rmdir`. Bí rmdir bá kọ̀, a jẹ́ pé umount kò tíì ṣẹlẹ̀.

Kí ó má bàa tún ṣẹlẹ̀, ẹ tú /mnt/media, kẹ́ ẹ sì ti ilẹ̀kùn fódà òfo náà:

```
umount /mnt/media
chattr +i /mnt/media
mount /mnt/media
```

Láti ìsinsìnyí, bí NFS kò bá sí níbẹ̀, root pàápàá kò lè kọ sínú rẹ̀. A ṣì lè so NFS mọ́ ọn bó ṣe yẹ. Ìlà fstab:

```
192.168.1.10:/tank/media /mnt/media nfs4 vers=4.2,hard,_netdev,nofail 0 0
```

Kí Docker máa dúró dè é, ẹ pa àṣẹ `systemctl edit docker.service`, kẹ́ ẹ kọ:

```
[Unit]
RequiresMountsFor=/mnt/media
```

Bí NFS kò bá so, Docker kò ní tan rárá. Ó dùn mí díẹ̀ fún àwọn container tí kò nílò fíìmù, ṣùgbọ́n nínú VM tó jẹ́ ti fíìmù nìkan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí.

Ìdí tí Jellyfin fi ń ṣófo nígbà míì nìyí: container máa ń mú /mnt/media bó ṣe rí ní àkókò tó tàn. Bí NFS bá so lẹ́yìn náà, container kò ní rí i, kódà bí `ls` nínú VM bá kún. Ìdí nìyẹn tí `docker restart` fi máa ń dà bí idán. RequiresMountsFor ti tó fún títàn. Síbẹ̀, bí container bá ṣèèṣì tàn ṣáájú NFS, rslave á jẹ́ kó rí NFS nígbà tó bá so, ẹ fi sí i:

```
volumes:
  - type: bind
    source: /mnt/media
    target: /media
    read_only: true
    bind:
      propagation: rslave
      create_host_path: false
```

---

virtio_lèmi_ń_lò:

Gbogbo yìí nítorí kí VM lè ka díìsìkì tó wà lórí ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀? Ẹ fi virtiofs, tó ń gbé fódà host fún VM láìgba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣe é. Láti Proxmox VE 8.4 ló ti wà nínú ojú ìṣàkóso rẹ̀: ẹ lọ sí Datacenter, Directory Mappings, ẹ forúkọ /tank/media sílẹ̀ bíi "media". Lẹ́yìn náà lórí VM, Hardware, Add, Virtiofs. Nínú VM:

```
mount -t virtiofs media /mnt/media
```

Kernel 5.4 sókè ti ní i nínú. Kò sí àdírẹ́sì, kò sí exports, kò sí root_squash. Ẹni tó bá ń lo virt-manager dípò Proxmox gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fàmì sí "Enable shared memory" lábẹ́ Memory, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, VM kò ní tan.

---

okùn_wáyà:

Ó dáa fún ẹni tó ní VM kan. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìyókù: VM tó ní virtiofs kò ṣeé ṣí lọ sórí host mìíràn nígbà tó ń ṣiṣẹ́, snapshot tó ní RAM nínú kò sì ṣeé ṣe lórí rẹ̀. root inú VM sì di root lórí fódà náà, èyí tí @nọ́ńbà_ni ṣẹ̀ṣẹ̀ kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ilé bá tún fẹ́ fódà kan náà, ẹ ṣì máa padà sí NFS tàbí Samba (pípín fódà bíi ti Windows).

---

ojú_fèrèsé:

Samba ló wà lọ́dọ̀ mi, `mount -t cifs` nínú VM ń fún mi ní "mount error(13)", nígbà míì "mount error(112)". Kí ni ìyàtọ̀ wọn?

---

àgbà_pool:

13 ni pé ó dé ọ̀dọ̀ Samba, Samba kò gbà á wọlé: orúkọ, páásíwọ́ọ̀dù, tàbí pé ẹ kò tíì ṣe `smbpasswd -a` fún ẹni náà. Páásíwọ́ọ̀dù Samba kì í ṣe ti Linux, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. 112, tó ń kọ "Host is down", kì í sábà jẹ́ pé host kú o. Ẹ̀yà SMB ni wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ẹ fi `vers=3.0` sí i. 115 ni ti port 445 tí firewall dí. 2 ni pé orúkọ share kò sí níbẹ̀. Bó bá wá ń sọ pé òun ń wá "helper program", cifs-utils ni kò sí nínú VM.

Ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù sínú fáìlì ọ̀tọ̀, chmod 600, kẹ́ ẹ tọ́ka sí i báyìí:

```
//192.168.1.10/media /mnt/media cifs credentials=/root/.smb,uid=1000,gid=1500,file_mode=0664,dir_mode=0775,vers=3.0,_netdev,nofail 0 0
```

Bí ẹ kò bá kọ uid àti gid, root ni gbogbo fáìlì á jẹ́ lójú VM.

---

ẹsẹ̀_kan_ilé:

Tèmi kì í ṣe Proxmox, libvirt ni. VM lè ping router, ó lè ping tẹlifíṣọ̀n, ó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Host nìkan ni kò lè dé, orí host náà sì ni fódà wà. Mo ti pa firewall, kò ṣe é.

---

virtio_lèmi_ń_lò:

Ẹ wo `virsh domiflist` pẹ̀lú orúkọ VM. Bí "direct" bá wà lábẹ́ Type, macvtap ni. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn: ohun tó bá jáde láti VM gba inú káàdì bọ́ síta tààrà, kì í yí padà wọ host. Firewall kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ fi káàdì kejì sí VM lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì "default" ti libvirt, host á jẹ́ 192.168.122.1 níbẹ̀, kẹ́ ẹ so fódà nípasẹ̀ àdírẹ́sì yẹn. Tàbí kẹ́ ẹ ṣe bridge, br0, lórí host. Bridge kò ní ṣiṣẹ́ bí Wi-Fi ni host ń lò, torí pé ọ̀pọ̀ access point kì í gba ohun tó bá gbé MAC mìíràn wá.

---

ilé_sinimá:

Gbogbo rẹ̀ ti dúró. 21 GB ló wà lábẹ́ /mnt/media, rsync ti kó o tán. Ó ku méjì: fíìmù tuntun kì í hàn nínú Jellyfin àfi tí mo bá tẹ scan, bẹ́ẹ̀ "real time monitoring" wà ní títàn. Ṣé mo sì lè gbé fódà config Jellyfin lọ sórí NFS kí ZFS lè máa tọ́jú rẹ̀?

---

nọ́ńbà_ni:

Èkíní: inotify (bí kernel ṣe ń ròyìn ìyípadà fáìlì) ni monitoring yẹn gbára lé, kernel VM ló sì ń ṣe é. Ohun tí wọ́n bá kọ láti ibòmíràn, lórí host tàbí nípasẹ̀ Samba, kernel VM kò gbọ́ nípa rẹ̀. Bákan náà ló rí lórí Samba àti virtiofs. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ lọ sí Scheduled Tasks, kẹ́ ẹ fi scan sí wákàtí kan tàbí méjì. Ẹni tó bá ń kó fáìlì wọlé pẹ̀lú script lè mú kí script náà pe API Jellyfin lẹ́yìn iṣẹ́.

Èkejì, rárá. SQLite (database inú fáìlì) ni Jellyfin ń lò, títì fáìlì lórí NFS kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún un, WAL rẹ̀ (àkọsílẹ̀ ìyípadà rẹ̀) kò sì lè ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. "database is locked" lẹ máa kọ́kọ́ rí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni database á bàjẹ́. Config, cache àti transcode, kí wọ́n wà lórí díìsìkì VM. Díìsìkì VM fúnra rẹ̀ lè wà lórí ZFS, kẹ́ ẹ máa ṣe backup VM lódidi.

---

ìbàdí_àrán:

Fíìmù 4K ń dúró lọ́nà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀yin náà ṣe rí i? Ṣé NFS ni?

---

okùn_wáyà:

Kò dà bíi pé NFS ni. Díìsì UHD Blu-ray tó wúwo jù kì í kọjá 144 Mbit/s, ìyẹn 18 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà 1 Gbit ń gbé bí 110 MB. Ẹ ṣe `iperf3 -s` lórí host, `iperf3 -c 192.168.1.10` nínú VM. Bí ó bá kéré sí 900 Mbit/s, ẹ wò ó bóyá e1000 ni káàdì VM, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di VirtIO. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣí Dashboard Jellyfin nígbà tí fíìmù ń lọ. Bó bá jẹ́ Transcoding (yíyí fíìmù padà sí irú mìíràn) ló kọ síbẹ̀, CPU ni kò lè gbé e. VM kò ní rí /dev/dri/renderD128 láìjẹ́ pé ẹ fi PCI passthrough gbé GPU fún un. Inú LXC ni tiyín wà, ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀: ẹ fún un ní device yẹn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí gid rẹ̀ bá ti ẹgbẹ́ render inú container mu.

---

ilé_sinimá:

Ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tí mo bá ń tún NFS tàn lórí host, `df` nínú VM á dì, Ctrl-C kò ṣe nǹkan kan. Ṣé kí n yí hard padà sí soft?

---

okùn_wáyà:

Níbi tí nǹkan ti ń kọ sínú fódà, rárá. soft á jẹ́ kí ètò tó ń kọ gba àṣìṣe ní àárín ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ètò kì í wo àṣìṣe yẹn, fáìlì á wá jókòó síbẹ̀ ní ìdajì. hard á dúró, host á padà, iṣẹ́ á máa lọ. Bí ẹ bá so fódà náà lẹ́ẹ̀kejì gẹ́gẹ́ bí ro fún Jellyfin nìkan, ẹ lè fi soft sí ìyẹn. Bí df bá dì tí host kò sì ní padà mọ́, `umount -f -l /mnt/media`, kẹ́ ẹ sì tún VM tàn nígbà tí ààyè bá yọ.